Ọgbọ́n Ìnáwó Joe Sakic ní Colorado

Láti ọdún 2005 ni NHL, líìgì họ́kì orí yìnyín ti Amẹ́ríkà àti Kánádà, ti fi gbèdéke lé owó tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè san fún àwọn eléré rẹ̀: mílíọ̀nù 39 dọ́là nígbà náà, mílíọ̀nù 81.5 ní sáà 2021 sí 2022. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n Joe Sakic, tó ń darí ẹgbẹ́ Colorado Avalanche láwọn ọdún yẹn, ti hàn. Ní 2016, Nathan MacKinnon, eléré ẹgbẹ́ náà, tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ọdún méje, mílíọ̀nù 6.3 dọ́là lọ́dún. Kò pẹ́ tó fi di ọ̀kan lára àwọn ògbóǹtarìgì àgbáyé, síbẹ̀ owó pọ́ọ́kú yẹn náà ló ń gbà títí àdéhùn náà fi parí ní 2023.

Ti Matt Duchene, eléré mìíràn nínú ẹgbẹ́ náà, ló tún dùn ún gbọ́ jù. Ó fẹ́ lọ, gbogbo ọjà sì ti mọ̀, ṣùgbọ́n Sakic kò tà á ní gbàǹjo. Ó ní sùúrù di Oṣù Kọkànlá 2017 kó tó fi í ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú Ottawa àti Nashville. Lára ohun tó gbà ni Samuel Girard àti ẹ̀tọ́ Ottawa láti yan ọ̀dọ́ eléré. Ẹ̀tọ́ yẹn ló fi mú Bowen Byram ní 2019. Girard àti Byram wà nínú ẹgbẹ́ Colorado tó gba ife Stanley, ife-ẹ̀yẹ NHL, ní 2022.