Àmì Ohùn Lórí Kéèkì: Lámèyítọ́ Ọ̀rọ̀ tí Wọ́n Fi Ṣúgà Kọ

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ sórí kéèkì níbi ayẹyẹ ọjọ́ ìbí, ìsọmọlórúkọ àti ìgbéyàwó kò yàtọ̀ sí ìwúre, nítorí ohun tí àgbà máa ń fi ẹnu sọ lórí oyin, ìrèké àti ṣúgà nígbà tí wọ́n bá ń sọ ọmọ lórúkọ ni oníkéèkì ń fi ọwọ́ kọ sórí ohun dídùn mìíràn tí gbogbo àwùjọ yóò jọ jẹ. Ṣùgbọ́n ẹnu àgbà kì í ṣi ohùn gbé. Bí ó bá pe ìbí, ìbí náà ni etí yóò gbọ́. Ọwọ́ oníkéèkì ló lè sọ ìbí di ibi. Kò ṣòro láti rí kéèkì lóde òní tí wọ́n kọ "EKU OJO IBI" sí lórí, láìsí àmì kankan lókè tàbí lábẹ́ lẹ́tà, tí wọ́n sì pa ọ̀rọ̀ méjì àkọ́kọ́ pọ̀ di ọ̀kan. Ẹni tó bá ka ohun tó wà níbẹ̀ gan-an, tí kò fi ti inú ara rẹ̀ kún un, eku ni yóò kọ́kọ́ bá pàdé, ojo ni yóò tẹ̀ lé e, ibi ni yóò sì gbẹ̀yìn.

Àwọn kan lè sọ pé ayẹyẹ fúnra rẹ̀ ti tú ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà, pé kò sí ẹni tí yóò rí àbẹ́là lórí kéèkì tí yóò máa ronú nípa eku. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, àmọ́ kò kan orúkọ ènìyàn, tí ayẹyẹ kò lè tú fún ẹnikẹ́ni. "AYO" lè jẹ́ ayọ̀, ó sì lè jẹ́ ayò tí wọ́n ń ta nínú ọpọ́n. "OLA" lè jẹ́ ọlá, ó sì lè jẹ́ ọ̀la tí ilẹ̀ kò tíì mọ́ sí. Kí wọ́n náwó nára nítorí ènìyàn, kí wọ́n wá kọ orúkọ rẹ̀ ní àkọdànù sí ojú ohun tí gbogbo àlejò yóò yà ní fọ́tò, àléébù gidi ni.

Ibi tí àléébù yìí ti ṣẹ̀ ni irú ìkọ̀wé tí wọ́n yàn. Àkọtọ́, ìyẹn ìlànà kíkọ èdè sílẹ̀, ti jẹ́ ohun tí wọ́n ń pe ìpàdé lé lórí ní Èkó láti ọdún 1875, èyí tí wọ́n sì fọwọ́ sí ní 1974 ṣì ní àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà nínú, ṣùgbọ́n kálámù àti ìwé ni ìlànà náà wà fún. Ìkọ̀wé àsopọ̀ tí oníkéèkì kọ́ wá láti ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí lẹ́tà kan ti ń di èkejì lọ́wọ́ mú, tí ìrù wọn sì ń lọ́ wálẹ̀ bí ìtàkùn. Ibi tí ìrù náà ń lọ́ sí gan-an ni àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ yẹ kó jókòó sí, apá òkè tí wọ́n fi ṣe ẹ̀ṣọ́ ni àmì ohùn sì ń wá. Lẹ́tà tó dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí kò ní ìrù, ló yẹ Yorùbá lórí kéèkì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹwà rẹ̀ kò tètè wọ ojú tó ti mọ́ ti àsopọ̀.

Nọ́sù, ìyẹn irin ṣóńṣó oníhò tó wà lẹ́nu àpò kírímù, ni wọ́n fi ń kọ̀wé. Àmì ohùn le ju lẹ́tà lọ láti fi í kọ, nítorí ìlà kúkúrú ni. Bí akọ̀wé bá ti fún àpò, kírímù á kọ́kọ́ ṣù bí ìlẹ̀kẹ̀ kí ó tó tẹ̀ lé ọwọ́. Bí ó bá sì gbé ọwọ́ sókè láì tíì ṣíwọ́ fífún, ìlẹ̀kẹ̀ mìíràn á tún ṣù sí ìparí, ìlà tó yẹ kó dagun á wá di kókó kan tí kò kọjú sí òkè tàbí ìsàlẹ̀. Obìnrin tó ní kí wọ́n kọ "Ọkọ mi" kò nílò àmì ohùn kankan, nítorí ohùn àárín ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí kókó kírímù bá ṣèèṣì jábọ́ sórí lẹ́tà tó gbẹ̀yìn "Ọkọ", ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko tàbí ọkọ̀ tí wọ́n ń wà ló kù síbẹ̀. Ohun tó ń tún un ṣe ni kí ọwọ́ ṣíwọ́ fífún nígbà tí ìlà bá dé ìdajì, kí ó sì máa lọ síwájú, kí ìparí rẹ̀ lè tín-ín-rín. Àmì abẹ́ lẹ́tà kò ni ni lára tó bẹ́ẹ̀, kókó kan ṣoṣo ti tó o. Àyè ni ó ń fẹ́, kí ó má baà forí gbá àmì ohùn tó wà lórí ìlà ìsàlẹ̀.

Àyè yìí ni wọn kì í wọ̀n. Bí kéèkì roboto bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 25, tí òdòdó kírímù sì gba etí rẹ̀ yí ká, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20 ló kù fún ọ̀rọ̀, àárín gbùngbùn nìkan sì ni ó ti fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìlà tó bá fi sẹ̀ǹtímítà 6 jìnnà sí àárín kò lè gùn ju 16 lọ. Nítorí náà, orúkọ tó bá gùn, bíi Olúwatómilọ́lá tó ní lẹ́tà 13, àárín ni ibùjókòó rẹ̀. Bí wọ́n bá ní dandan láti gé e sí ìlà méjì, kí wọ́n rántí pé odidi gbólóhùn ni: "Olúwa" lókè, "tómilọ́lá" nísàlẹ̀ ṣì ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó gé e sí "Olú" ti sọ Ọlọ́run di olóyè.

Ooru náà ní ti ẹ̀. Kírímù bọ́tà, ìyẹn bọ́tà tí wọ́n lù pọ̀ mọ́ ṣúgà lẹ́búlẹ́bú, kì í pẹ́ rọ̀ lábẹ́ àtíbàbà ọ̀sán, àmì tó kéré jù ló sì ń kọ́kọ́ yọ́. Èyí ló mú kí áísìn tí wọ́n fi funfun ẹyin àti ṣúgà lù sàn jù fún ọ̀rọ̀ Yorùbá, nítorí ó ń gbẹ ganganran. Àǹfààní kejì rẹ̀ tún ju ìyẹn lọ: wọ́n lè kọ orúkọ náà sórí bébà tí wọ́n fi ìda pa ní ọjọ́ méjì ṣáájú, kí ìyá ọmọ pe orúkọ náà sókè bí wọ́n ṣe ń tọ́ka sí àmì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì tún èyí tó bá ṣì kọ kí wọ́n tó ṣí i kúrò lórí bébà lẹ̀ mọ́ ojú kéèkì.