Ọwọ́ àti Gègé: Àríwísí lórí Oyè Ọ̀mọ̀wé nínú Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́-Ọwọ́

Ní 1934, nígbà tí wọ́n ṣí Yaba Higher College, àwọn ọ̀dọ́ Èkó dá Lagos Youth Movement sílẹ̀. Ẹ̀hónú wọn ni pé ìwé-ẹ̀rí ibẹ̀ kò tó oyè yunifásítì. Ọgbẹ́ náà kò tíì jinná. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, ẹni tí ó gba HND ní Yaba College of Technology ní láti gba díplómà mìíràn kí ó tó ka ìwé oyè kejì, áḿbọ̀sì oyè ọ̀mọ̀wé. Iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àti ìgbèjà rẹ̀ níwájú àwọn olùyẹ̀wò ni òṣùwọ̀n ìkẹyìn. Òṣùwọ̀n yìí dára, ṣùgbọ́n kò pé. Alágbẹ̀dẹ kì í fún ọmọ-iṣẹ́ ní òmìnira láìrí ohun tí ó rọ. Ẹni tí yóò kọ́ àwọn olùkọ́ iṣẹ́-ọwọ́ gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ jẹ́rìí sí ohun tí ó fi gègé kọ.