Yíya Ìràwọ̀ ní Kàdúná

Ní Kàdúná, ọyẹ́ ni ọ̀tá àwọn tó ń fi awò kékeré àti kámẹ́rà ya ojú ọ̀run. Eruku Sàhárà a bo ìràwọ̀ mọ́lẹ̀. Bí òjò bá sì dé, ìkùukùu a gba ipò rẹ̀.

Sùúrù niṣẹ́ yìí. Nítorí pé ayé ń yí, ìràwọ̀ ń sún ní dígírì 15 ní wákàtí kan; bí kámẹ́rà bá lajú pẹ́ jù, ìlà gbọọrọ ló máa yà. Ọ̀pọ̀ fọ́tò kúkúrú ni wọ́n ń yà, kí kọ̀ǹpútà tó pa wọ́n pọ̀. Iṣẹ́ ọnà gidi ni!

Omega Centauri, agbo ìràwọ̀ tí ará Lọ́ńdọ̀nù kì í rí láéláé, ń yọ ní Kàdúná. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ yìí, ẹ fi òṣùpá bẹ̀rẹ̀.