Ta ni Aláìsàn? Dókítà àti Obìnrin nínú Fíìmù Thunderbolt: Mágùn

Nínú àwọn fíìmù kabọ́ì Amẹ́ríkà, a sábà máa ń rí dókítà kan ní ìlú kékeré tí òfin kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Nínú Stagecoach (1939) tí John Ford darí, ọ̀mùtí ni dókítà náà. Nígbà tí obìnrin kan fẹ́ bímọ ní ibùdó kan lójú ọ̀nà, wọ́n fi kọfí dúdú lé ọtí lójú rẹ̀, ó sì gbẹ̀bí. Ìwà rẹ̀ ni wọ́n ń dán wò. Kò sẹ́ni tó jiyàn ìṣègùn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ nínú Thunderbolt: Mágùn (2001), tí Túndé Kèlání darí láti inú ìtàn Adébáyọ̀ Fálétí. Fídíò olówó pọ́ọ́kú ni. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, àmọ́ ìrònú Yorùbá ló gbé e ró. Yínká fura sí ìyàwó rẹ̀ Ngozi, ọmọ Ìgbò tó ń ṣe olùkọ́, ó sì fi mágùn sí i lára. Kí Ngozi má bàa kú, ọkùnrin kan gbọ́dọ̀ bá a lò pọ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ikú lè pa ọkùnrin náà. Dókítà Dímèjì ló gbà láti ṣe é. Nígbà tí mágùn mú un, àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ló gbà á là.

Nígbà tí a wò ó ní Maitumbi (iná lọ lẹ́ẹ̀mejì kó tó parí), ibẹ̀ yẹn ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti pàtẹ́wọ́ fún ìṣègùn ìbílẹ̀. Ọmọ Gbagyi kan ṣoṣo ni kò pàtẹ́wọ́. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ni aláìsàn nínú àwọn méjèèjì?”

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Láti ìgbà tí dókítà ti ṣubú, òun ni gbogbo wa ń káàánú. Ngozi ti di pápá tí ìṣègùn méjì ti ń figagbága. Dókítà tó bá bá ẹni tó wá ìwòsàn lò pọ̀ ti rú òfin iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n fíìmù náà sáré kọjá lórí èyí. A lè sọ pé Ngozi gbà. Ẹni tí ikú ń lé, kí ló fẹ́ kọ̀?

Lójú tiwa, Bukky Àjàyí, tó ṣe Màmá Tútù, ló sún mọ́ olùtọ́jú jù nínú fíìmù náà: ó dúró ti Ngozi, kò fi í dán ohunkóhun wò. Nígbà tí a tún un wò, òun ni a ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ṣọ́.