Ìfaradà: Ara Dà?

Ẹ̀yin akẹ́gbẹ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo ti ka gbogbo ewì ìgbàgbọ́ tí àwa ọmọ ẹgbẹ́ yìí ń kọ, tèmi náà wà níbẹ̀, àrùn kan náà ló ń ṣe wọ́n. Ní ìlà kejì, ìjì ti dé. Kó tó di ìlà karùn-ún, Jésù ti bá a wí, ó ti pa rọ́rọ́. Ìyà náà kì í dúró pẹ́ tó kí òǹkàwé rí ojú rẹ̀.

Èyí ló mú mi padà sídìí lẹ́tà kan tí Àjàyí Crowther kọ ní Fourah Bay, ní Freetown, ní oṣù Kejì ọdún 1837, sí Jowett, akọ̀wé àwọn CMS. Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́ o, ẹni tó wá ṣáájú nínú títúmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá! Bí wọ́n ṣe kó Òṣoògùn ní 1821 ló ń rò. Ó sọ̀rọ̀ okùn tó wà lọ́rùn wọn. Ó sọ bí wọ́n ṣe fi òun pààrọ̀ ẹṣin, tí wọ́n tún dá ẹṣin náà padà pé kò dára tó. Nígbà tó yá, tábà àti ọtí ni wọ́n fi rà á. Àmọ́ ibi tó dá mi dúró ni ibi tí ọmọ náà ti pinnu láti fi ọ̀já ara rẹ̀ fún ara rẹ̀ lọ́rùn lóru, tí àyà rẹ̀ kò gbà á láti fà á le. Ẹ gbọ́ ná: olùkọ́ ìjọ ló ń kọ̀wé sí ọ̀gá. Ó lè fò ó. Kò fò ó.

Mo lẹ́jọ́ bá a rò ṣá. Ó ní lọ́nà kan, ọjọ́ ìbùkún ni ọjọ́ tí wọ́n kó òun. Ìbùkún ta ni? Ìyá rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn. 1846 ni wọ́n tó fojú kan ara wọn l'Ábẹ́òkúta. Tí kì í bá ṣe ti ọ̀já yẹn, ǹ bá ní ohun tí ọ̀gá fẹ́ gbọ́ ló ń sọ.

Ìyà kò sì tán síbẹ̀. Ní 1890, ní Onitsha, àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó tí wọ́n tó ọmọ-ọmọ rẹ̀ dá àwọn àlùfáà rẹ̀ dúró lẹ́nu iṣẹ́ níṣojú rẹ̀, bíṣọ́ọ̀bù odidi! Ó fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Kò fi iṣẹ́ sílẹ̀, títí ó fi kú l'Ékòó ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1891.

Ìfaradà: fi ara dà á. Ara wà nínú ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Nínú ewì tiwa ńkọ́, ara dà? Ọkàn àti ẹ̀mí nìkan ló kún ibẹ̀.

Mo ka ewì kan ní fẹ́lóṣíìpù ní sáà tó kọjá, lórí bí Ọlọ́run ṣe gbé mi ró nígbà tí bàbá mi kú. Wọ́n pàtẹ́wọ́ gan-an. Ohun tí mo fò níbẹ̀ ni pé oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń lé orin nínú kúáyà tí mi ò lè gbàdúrà. Tí mo bá dé yàrá, màá mu gàrí láìsí ṣúgà, màá kọjú sí ògiri. Lọ́jọ́ Sunday, màá tún wẹ̀, màá tún lọ lé orin.

Mo ti yọ ìlà ìparí ewì yẹn. Mi ò tíì rí èyí tí màá fi rọ́pò rẹ̀.