Kíka Álífà ní Èbúté Kirikiri: Àgbéyẹ̀wò Ọ̀nà Kan fún Yíyẹ Inú Kọ̀nténà Wò

Ní Kirikiri Lighter Terminal, tí a kọ́ fún àwọn báàjì tí ń kó ẹrù láti inú ọkọ̀ ojú omi ńláńlá wá sí etí odò, ìbéèrè aṣọ́bodè kò ju ẹyọ kan lọ: kí ni ó wà nínú kọ̀nténà tí a kò tí ì ṣí? X-ray a máa fi ìrísí nǹkan hàn, ṣùgbọ́n kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ ohun tí a fi ṣe é. Ẹ̀rọ EURITRACK, tí a dán wò ní èbúté Rijeka ní Croatia ní 2007, lo nútírọ́ọ̀nù láti dí àlàfo yìí. Èrò tiwa ni pé ìyìn tí a ń fún nútírọ́ọ̀nù lórí iṣẹ́ yìí, ẹlòmíràn ni ó tọ́ sí jù.

Nútírọ́ọ̀nù kò ní iná lára; bí ó bá ń kọjá, kò sí ẹni tí ó ń gbúròó rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí deuterium àti tritium bá pàdé nínú ẹ̀rọ náà, ìbejì ni wọ́n ń bí: nútírọ́ọ̀nù tí agbára rẹ̀ jẹ́ 14.1 MeV, àti álífà tí tirẹ̀ jẹ́ 3.5 MeV. Wọn a sì kẹ̀yìn síra lọ. Álífà ní iná lára, nítorí náà ẹ̀rọ lè mú un. Ibi tí ó bà ń sọ ọ̀nà tí èkejì rẹ̀ gbà. Ìgbà tí ó bà ń sọ ìgbà tí èkejì gbéra. Nútírọ́ọ̀nù ń rin nǹkan bíi 5 cm nínú nanosecond kan. Bí ó bá kọlu kábọ́ọ̀nù, gámà 4.44 MeV lè jáde. Ti ọ́síjìn jẹ́ 6.13 MeV.

Ẹni tí ó ti rí ìlà ọkọ̀ àjàgbé ní ọ̀nà Apapa yóò béèrè ìdí tí a kò fi fi kún nútírọ́ọ̀nù kí iṣẹ́ lè yá. (Ajegunle kò jìnnà, ìyẹn nìkan tó ìdí.) Bí nútírọ́ọ̀nù bá di ìlọ́po méjì, ẹ̀rí òtítọ́ a di ìlọ́po méjì, ṣùgbọ́n ẹ̀rí èké, èyíinì ni gámà tí ó ṣe kòńgẹ́ álífà tí kì í ṣe tirẹ̀, a di ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyí tí EURITRACK kò fi rọ́pò X-ray. Ó ń tẹ̀lé e ni, láti wo igun kan ṣoṣo tí a fura sí fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10.

Ìbọn 661 tí aṣọ́bodè gbà ní ọ̀nà Mile 2 ní oṣù kìíní 2017 fi àléébù mìíràn hàn. Àárín ilẹ̀kùn irin ni wọ́n kó wọn pamọ́ sí. Irin nínú irin: gámà kan náà ni méjèèjì yóò mú jáde, ìrísí nìkan ni ó lè tú wọn fó. Ẹja dídì náà ṣòro, nítorí háídrójìn inú omi ń fa agbára nútírọ́ọ̀nù sílẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kì í sì í jẹ́rìí gámà nínú irú ìkọlù bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí oògùn olóró bá wà láàárín ẹ̀yà ara mọ́tò, níbi tí kábọ́ọ̀nù púpọ̀ kò ti yẹ kí ó wà, a gbà pé ọ̀nà yìí dára ju gbígbẹ́kẹ̀ lé X-ray nìkan lọ.