ÀJOGÚNBÁ INÚ Ọ̀BẸ KÍKÁ ÀWỌN ỌMỌ OGUN SWITZERLAND: ÀTÚNGBÉYẸ̀WÒ ÈRÒ ÀWỌN OLÓLÙFẸ́ RẸ̀

Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú àpilẹ̀kọ yìí ni èrò àwọn tí wọ́n ń kó ọ̀bẹ kíká àwọn ọmọ ogun Switzerland jọ, tí wọ́n sì ń jiyàn lórí èyí tí ó jẹ́ ojúlówó nínú wọn. Àríyànjiyàn yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ìbéèrè tí ó wà nídìí rẹ̀ kan ẹnikẹ́ni tí ń ṣiṣẹ́ lórí àṣà: ṣé inú ìtàn ohun-èlò kan ni àjogúnbá rẹ̀ wà ni, tàbí inú ọgbọ́n tí a fi ṣe é?

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ yẹ ìtàn náà wò. Karl Elsener dá ilé iṣẹ́ ọ̀bẹ sílẹ̀ ní Ibach ní ọdún 1884. Ọ̀bẹ ọmọ ogun ti ọdún 1890 ní ojú ọ̀bẹ kan, ìlu, ohun ìṣí-agolo, àti sukurudiráfà tí a fi ń tú ìbọn. Solingen ní ilẹ̀ Jámánì ni a ti rọ àwọn tí ó kọ́kọ́ dé. Ọdún 1891 ni Elsener bẹ̀rẹ̀ sí í kó tirẹ̀ fún ìjọba. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ pupa tí gbogbo ayé mọ̀ kọ́ nìyẹn. Ọ̀bẹ àwọn ọ̀gá ọmọ ogun ni ti pupa, èyí tí Elsener forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 1897. Ìjọba kò fi í fún ẹnikẹ́ni. Owó ara wọn ni àwọn ọ̀gá náà fi rà á. Ẹni tí ó bá wá ń pè é ní ojúlówó nítorí pé ìjọba fi di ọmọ ogun ní ìhámọ́ra, ìtàn kò gbè é lẹ́yìn. (Ìjà ti Victorinox àti Wenger kò tilẹ̀ yẹ kí ó dá wa dúró, nítorí pé ti àkọ́kọ́ ti ra èkejì láti ọdún 2005.)

Ní èrò tiwa, ẹ̀yìn ọ̀bẹ náà ni ó yẹ kí á wò. Irin sípíríǹgì pẹlẹbẹ ni ó wà níbẹ̀, òun ni ó ń di ojú ọ̀bẹ mú, yálà a ṣí i ni tàbí a ká a. Ohun tí Elsener ṣe ni pé ó mú kí sípíríǹgì kan náà sin àwọn ohun-èlò tí ó wà níhà méjèèjì. Nípa bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe rí àyè fi ojú ọ̀bẹ kékeré àti irin lílọ́ tí a fi ń fa ìdérí ìgò wáìnì kún un: ohun-èlò mẹ́fà, sípíríǹgì méjì péré. Èèkù kò nípọn, ọ̀bẹ kò sì wúwo lápò.

Òṣùwọ̀n yìí ni a ó fi wọn ọ̀bẹ ọmọ ogun ti ọdún 2008. Àwọn olólùfẹ́ ń dárò èèkù alumíníọ̀mù ti ọdún 1961, wọ́n ní ṣíṣu ni ti tuntun, ó sì gùn jù: mìlímítà 111 dípò 93. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n èèkù ti yí padà rí. Igi ni ti 1890. Ìyàtọ̀ tí ó jinlẹ̀ wà níbòmíràn. Ọwọ́ kan ni a lè fi ṣí ti 2008, irin mìíràn sì ń ti ojú ọ̀bẹ pa kí ó má baà ká mọ́ni níka. Sípíríǹgì nìkan kọ́ ni ó ń di ojú ọ̀bẹ náà mú mọ́. Fún ọmọ ogun tí ń ṣiṣẹ́ nínú òtútù, èyí dára ju ti àtijọ́ lọ; síbẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ó ti yà kúrò lọ́nà Elsener, èèkù sì ni ọ̀pọ̀ àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ṣì ń wò.